Kìnnìún Narnia àti Àwọn Ọmọ Oníṣẹ̀ṣe



Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbé ìwé ìtàn kan wá bá mi nídìí ọpọ́n. Ilé ìwé wọn ni wọ́n ti ní kí wọ́n kà á. Ó ní, “Bàbá, ṣé Èṣù ni Tash yìí?” Ìwé náà ni The Last Battle, èyí tí ó kẹ́yìn nínú ìwé méje tí C. S. Lewis kọ nípa ilẹ̀ Narnia láàárín ọdún 1950 sí 1956. N kò lè dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdáhùn tí mo wá rò jinlẹ̀ ni mo mú wá fún yín, nítorí ọmọ tèmi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìwé wọ̀nyí ń ṣe. Bẹ́lífáàsì ni wọ́n bí Lewis sí ní ọdún 1898. Ó ṣe olùkọ́ ní Oxford, ó sì ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge. Ó kọ ẹ̀sìn Kírísítì sílẹ̀ nígbà èwe, ó padà sínú rẹ̀ ní 1931, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn agbẹnusọ rẹ̀ tí òkìkí wọn kàn jù. Nínú ìwé Narnia tí ó kọ́kọ́ jáde, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edmund da àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ fún ayaba funfun kan. (N kò ní pe ayaba náà ní àjẹ́, kí n má baà kó ẹ̀gàn bá àwọn ìyá wa.) Kìnnìún tí ń jẹ́ Aslan gbà kí wọ́n pa òun rọ́pò ọmọ náà lórí tábìlì òkúta. Àwọn ọmọbìnrin méjì ṣọ́ òkú rẹ̀ lóru. Nígbà tí oòrùn yọ, òkúta là sí méjì, kìnnìún sì jí. Nínú The Magician’s Nephew, Aslan yìí kan náà ló fi orin dá ayé, ọgbà kan sì wà níbẹ̀ tí a ti fi èso igi dán ọmọ kan wò. Ẹni tí ó bá ti lọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi rí kò nílò atúmọ̀.

Lewis fúnra rẹ̀ kò gbà pé òwe lásán ni òun ń pa. Ó ní ohun tí òun ń bi ara òun ni pé, ká ní irú ayé báyìí wà, tí Ọmọ Ọlọ́run sì wá síbẹ̀ ní àwọ̀ kìnnìún, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀? N kò bá a jà lórí èyí. Ẹ̀sìn rẹ̀ ni, ó sì mọ ìtàn í sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá ni Tash. Tash ni òrìṣà àwọn ará Calormen, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń wé láwàní. Orí igún ni ó ní, ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rin, ènìyàn ni wọ́n sì ń pa lórí pẹpẹ rẹ̀. Ẹ wo igún, ẹyẹ tí àwa ń retí nídìí ẹbọ, bí ó ti di ojú ibi! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Emeth, tí ó fi òtítọ́ inú sin Tash láti kékeré. Orúkọ rẹ̀ gan-an, “òtítọ́” ni ní èdè Hébérù. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Aslan, kìnnìún kò pa á. Ó sọ fún un pé gbogbo ìsìn rere tí ó ṣe fún Tash, òun Aslan ni ó ṣe é fún. Ìwà ibi nìkan ni ti Tash.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yin Lewis fún èyí pé ó lawọ́. Mo gbà pé ó lawọ́ ju àwọn oníwàásù tí yóò sọ Emeth sínú iná lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo irè oko ẹnìkan sínú àká ẹlòmíràn, tí a wá fi èpò sílẹ̀ fún olóko, ṣé oore nìyẹn? Irú oore yìí ni àwọn ọ̀rẹ́ wa onígbàgbọ́ ń ṣe wá nígbà tí wọ́n bá ní, “Ìwà rẹ dára, ó kù díẹ̀ kí o di Kìrìsìtẹ́nì.”

Síbẹ̀, Lewis kọ́ ló kọ́ ọmọ mi pé kí ó pe Tash ní Èṣù. Èdè Yorùbá tí a fi tọ́ ọ ló kọ́ ọ. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, orúkọ Èṣù ni wọ́n fi sí ààyè ọ̀tá Ọlọ́run. Èṣù tí ó di àṣẹ mú, tí ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ, tí ojú rẹ̀ wà lórí ọpọ́n, ni wọ́n sọ di sàtánì. Fágúnwà náà, tí ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS tẹ Ògbójú Ọdẹ rẹ̀ ní 1938, kó àwọn irúnmọlẹ̀ sínú igbó ẹ̀rù. Nígbà tí Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ ní 1968, “daemons” ni wọ́n dà. Mo fẹ́ràn èdè Fágúnwà dé góńgó. Ifá ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí n gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ. N kò ní gbà á. Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti ń hun òwe kò ní há sínú òwe ẹlòmíràn. Ohun tí ó ń dùn mí ni àwọn ìwé pélébé tí àwa náà ń tẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ìwàásù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orúkọ Jésù ni a yọ, a fi ti Ọ̀rúnmìlà dí i. Lewis ní àwòrán ni Narnia fi bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn òun: ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́ kan tí ó gbé agbòjò nínú yìnyín. Ìtàn ló ṣáájú.

Ìlànà àwọn baba wa sì ju èyí lọ. Ẹni tí ó wá dáfá yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó. Babaláwo kò gbọ́ ọ. Yóò ki ẹsẹ, yóò sọ ìtàn ẹni tí ó dáfá rí, ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ yóò sì mú èyí tí ó kan tirẹ̀. Tolkien, ọ̀rẹ́ Lewis, Kátólíìkì paraku, sọ ohun tí ó jọ èyí: òun kò fẹ́ òwe tí òǹkọ̀wé ti dé mọ́ ìtumọ̀ kan, òun fẹ́ ìtàn tí òǹkàwé lómìnira láti fi wé ayé tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ̀wé fún ọmọ, ọgbọ́n náà ti wà nílé.

Mo wá dá ọmọ mi lóhùn pé Tash kì í ṣe Èṣù. Ọmọ ilẹ̀ mìíràn ló ró o jọ láti inú ìrònú rẹ̀, kò sì mọ Èṣù rí. Mo bi í pé, “Bí o bá jẹ́ Emeth, kí ni wàá sọ fún kìnnìún?” Ó ronú díẹ̀. Ó ní, “Màá kí i. Màá sì ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹlòmíràn ni mo ṣe é fún.”

Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un, kí ó kà á parí.