Ẹ Ṣí Ìwé Ẹ̀sùn Ọlọ́pàá Sílẹ̀ fún Aráàlú!

Ẹ̀yin ará wa nílé lóko, bí ọmọkùnrin kan bá ti ìlú òkèèrè wá, tó ní òun fẹ́ fi ọmọ yín ṣaya, ṣé ẹ ó kàn di ẹrù ọmọ lé e lórí ni? Ó tì o! Ẹ ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ìlú rẹ̀. Ẹ ó wádìí bóyá ó ń jalè, bóyá ó ti na ìyàwó kan jáde rí. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá gbé ìbọn lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, tí wọ́n fi mọ́tò gbé e wá sí ìlú yín pé kó wá máa ṣọ́ yín, ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú yín láti béèrè ohun tó ṣe níbi tó ti ń bọ̀?

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọlọ́pàá na ọmọ ọlọ́mọ ní àgọ́, ó tún gba owó béèlì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí gbàgàdà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ìyá sunkún lọ bá ẹni tó mọ̀wé, ìyẹn bá a kọ ẹ̀sùn. Wọ́n gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ, àwọn ń wádìí. Kò pẹ́, a kò rí ọlọ́pàá náà mọ́. Ṣé wọ́n ti lé e ni? Rárá o, wọ́n ti fún un ní tíránsífà! Àwọn ará ìlú kejì ti ń kí i káàbọ̀, fáìlì rẹ̀ sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ń bò ó.

Kì í ṣe pé kò sófin. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó fún ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, láàárín ọjọ́ 7 ló sì yẹ kí wọ́n fèsì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ ni òfin náà mú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ihò tí eku lè gbà sá: abala 14 òfin yìí kan náà ní kí wọ́n má fi fáìlì òṣìṣẹ́ han ẹlòmíràn. Ọ̀gá tó bá fẹ́ bo ọmọ abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sá sí. Kò ní ka apá tó tẹ̀ lé e fún yín, níbi tí òfin ti ní bí àǹfààní aráàlú bá ju àṣírí ẹnì kan lọ, kí wọ́n gbé e jáde!

Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 náà dá ẹ̀ka tí ń gba ẹ̀sùn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ gbogbo. Ẹ̀sùn ń wọlé. Ta ló ti rí ibi tó gbà jáde?

Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde nítorí SARS. Ọjọ́ 11 oṣù náà ni wọ́n tú SARS ká, àwọn ìpínlẹ̀ sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ní Èkó nìkan, ẹ̀sùn tó lé ní 200 ló dé iwájú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi. Owó ìtanràn tí wọ́n ní kí wọ́n san fún àwọn tí wọ́n fìyà jẹ lé ní mílíọ̀nù 400 náírà. Igba ẹ̀sùn, nípìńlẹ̀ kan ṣoṣo! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nílẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ìgbà tí wọ́n jókòó ní gbangba, tí oníròyìn wà níbẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tó di. Owó ìlú ni Èkó sì yà sọ́tọ̀ láti fi san án, kì í ṣe owó ẹni tó di kóńdó mú.

Ní New York, láti ọdún 1976 ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní 50-a ti ń bo fáìlì ìwà ọlọ́pàá mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, tí ayé sì gbọ́ pé ẹ̀sùn tó ju 15 lọ ti wà lọ́rùn ọlọ́pàá náà tẹ́lẹ̀, oṣù kejì ni New York fagi lé òfin tiwọn. Ọmọ yín tó ń gbé Brooklyn lè wo ẹ̀sùn tó wà lórí ọlọ́pàá àdúgbò rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí i ńkọ́?

Wọn óò ní elékèé yóò ba orúkọ ọlọ́pàá rere jẹ́. Òótọ́ ni, elékèé wà láàárín àwa náà. Ìdí rèé tá a fi ní kí wọ́n kọ ìdájọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀sùn: ó jẹ̀bi, tàbí kò jẹ̀bi. Kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ kàn án lára lóru. Ọlọ́pàá rere tó ń fowó ara rẹ̀ ra bàtà, tí òjò ń pa ní bárékè, òun gan-an ni ìbòmọ́lẹ̀ yìí ń bà lórúkọ jẹ́. Nígbà tá ò mọ ẹni tó jí, gbogbo wọn la ń pè lólè.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń du ipò nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tàn yín pé òun yóò ṣe é. Ìwé òfin ọdún 1999 ti fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sọ́wọ́ Àbújá. Àwọn tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ni kẹ́ ẹ dá dúró. Kó tó sọ ti ìrẹsì, ẹ bi í: ṣé yóò tún abala 14 ṣe, kí ẹ̀sùn tí wọ́n ti dájọ́ rẹ̀ má jẹ́ àṣírí mọ́? Ṣé yóò fi òfin mú un pé kí àgọ́ kọ̀ọ̀kan máa lẹ iye ẹ̀sùn tó wọlé lóṣooṣù, àti ibi tó já sí, mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó béèlì yẹn? Ẹ bi àwọn olùdíje tiwa náà, a ti ní kí wọ́n múra ìdáhùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò lọ rò ó, ẹ ní kó lọ rò ó ná, kó tó padà wá tọrọ ìbò.