Ṣàngó Kọ́ Ló Ń Bínú, Ọmọ Yín Ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí nílé òrìṣà wa níhìn-ín ní Cheverly. Ọmọ á pariwo, á gbá àbúrò rẹ̀ létí, òbí á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ Ṣàngó ni." Mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ ọdún 6 tí oorun ń kùn, tí ebi sì ń pa, Ṣàngó kọ́ ló gùn ún. Tí a bá ń fi orúkọ òrìṣà bo ìbínú ọmọ, ìgbà wo ló máa mọ bí èèyàn ṣe ń kápá rẹ̀?

Mo ti dàgbà kí n tó fúnra mi kọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì tí mo sọ dàgbà máa ń jẹ́ kó dà bíi pé èèyàn àti ìbínú rẹ̀ ti di ọ̀kan. Yorùbá kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Inú ló bí mi, ẹ̀rù ló bà mí, ojú ló tì mí. Ohun tó dé bá èèyàn ni, ó sì lè kọjá lọ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kódà bí wọn ò bá gbọ́ Yorùbá mìíràn. Ẹ bi ọmọ náà pé, "Ṣé inú ló bí ẹ, àbí ojú ló tì ẹ́?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtìjú ló wà nídìí ariwo yẹn. Ẹ fi omi tútù tọ́ ọ lórí, ẹ pe orí rẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ọdún 1990 ni Peter Salovey àti John Mayer kọ̀wé lórí òye yìí. Ìwé Daniel Goleman ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1995. Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n Ifá ti sọ fún wa pé Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà, ọmọ Sùúrù ni, àti pé nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń bá a wí ṣáá, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Àdúrà ìwà pẹ̀lẹ́ là ń gbà fún ọmọ lójoojúmọ́, àmọ́ tí a bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láti Washington, tó ti rẹ̀ wá, ohùn líle ló kù fún wọn. Baba Ìwà ò tíì wọlé wa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin ló dùn mí jù. Wọ́n ní ọkùnrin kì í sunkún. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn ọdẹ, ọmọ Ògún gidi, ní ìrèmọ̀jé tí wọ́n fi ń dárò ọdẹ tó kú, ní gbangba, níbi ìpà ọdẹ. Nígbà tí ẹ bá tún dúró níwájú ojúbọ egúngún ilé yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin náà dárúkọ ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n, kí ẹ má sì nu omijé wọn kíákíá.