Ṣé Gbogbo Ọkọ̀ Àtijọ́ Ló Yẹ Ká Tún Ṣe?

Kò sí ẹni tí ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe kì í wù, pàápàá àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1960: Cadillac àti Chevrolet gbọọrọ, tí bọ́ńpà wọn ń dán bíi dígí, tí ẹ̀yìn wọn yọ ìyẹ́ bí ẹja. Wọ́n á ha ìpẹtà kúrò, wọ́n á kùn ún lọ́dà, kíróòmù á máa kọ mànà. Ó wu èmi náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú òòlù àti ọ̀dà: ọjọ́ wo nínú ayé ọkọ̀ yìí la fẹ́ kó máa jẹ́rìí sí? Bí a kò bá bèèrè, àtúnṣe lè di ìparẹ́.

Ẹ wo Lincoln Continental ọdún 1961 tí Ààrẹ Kennedy jókòó sí nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní Dallas, ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Ẹlẹ́rìí ni ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìjọba tún un ṣe pátápátá. Wọ́n fi òrùlé tí kò ṣeé ṣí bò ó, wọ́n fi irin àti dígí tí ọta ìbọn kò lè wọ̀ sí i, nígbà tó sì yá, wọ́n kun búlúù rẹ̀ ní dúdú. Johnson gùn ún, Nixon gùn ún, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọdún 1977. Lónìí, ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford ní Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ ń wo ọkọ̀ Kennedy lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ayé rí ní Dallas ló ń wò.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ̀ wálé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun, ń lọ síbi iṣẹ́ nínú Mercedes dúdú kan, láìsí ọ̀wọ́ ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró ní Ìkòyí, àwọn sójà tó ń tẹ̀lé Buka Suka Dimka sì yìnbọn pa á. Akintunde Akinsehinwa, ọ̀dọ́ ológun tó máa ń bá a rìn káàkiri, kú pẹ̀lú rẹ̀. Mercedes yẹn ni wọ́n gbé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Oníkàn. Jámánì ló ṣe é, kì í ṣe Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló dé bá ọkọ̀ méjèèjì. Ìtọ́jú wọn ló yàtọ̀. Wọn kò dí ihò ọta ìbọn ara tiwa. Ọmọ tí wọn kò tíì bí ní 1976 lè ka ihò wọ̀nyẹn bí ẹni ń ka ìwé. Ojú àpá kì í jọ ojú ara, ìdí nìyẹn tí àpá fi wúlò.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa tí à ń gba títì Àgbádárìgì lójoojúmọ́. Ọ̀nà yìí ni tòkunbọ̀ fi ń ti Kútọnu gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Èkó, kí ìjọba tó fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé láti oṣù Kìíní ọdún 2017. Ta ni yóò ra tòkunbọ̀ láìmú mẹkáníìkì dání? Mẹkáníìkì á fi ìka kan ara ọkọ̀ kó-kó-kó, á sì fetí sí i. Ibi tó bá jẹ́ irin á dún. Ibi tí wọ́n ti fi nǹkan dí, ohùn rẹ̀ á kú. Àpá tí wọ́n fi ọ̀dà bò ló ń wá.

Ẹnìkan lè ní: ṣé ká wá jókòó máa wo nǹkan kó jẹrà ni? Rárá o. Ní Dearborn kan náà ni bọ́ọ̀sì Rosa Parks wà, èyí tó jókòó sí ní Montgomery ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1955, tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó. Ilé iṣẹ́ General Motors ló ṣe é ní 1948. Lẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, inú pápá ló wà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, tó ń pẹtà, tí wọ́n ń kó pákó àti irinṣẹ́ sínú rẹ̀. Ní 2001, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà rà á ní dọ́là 492,000, wọ́n sì tún un ṣe kó lè rí bó ṣe rí ní 1955. Àtúnṣe yẹn tọ́, nítorí ìpẹtà inú pápá kọ́ ni ẹ̀rí. Ìjókòó yẹn ni ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlànà yìí wá sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, nítorí àsìkò iṣẹ́ àṣekágbá ti dé. Àwọn kan ń lọ gba ohùn àwọn àgbà Àwórì sílẹ̀ ní Ìjanikin, ní Ìbá àti ní Ọ̀jọ́. Bí wọ́n bá délé tán, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ náà ṣe di Yorùbá àjùmọ̀lò kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ń tọ́ àṣìṣe. Àṣìṣe kọ́, ẹ̀rí ni. Ẹ lo àkọtọ́ òde òní, ẹ fi àmì ohùn sí i. Ìyẹn dà bí ìgbà téèyàn ń ha ìpẹtà kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ, bó ṣe sọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Bí òǹkàwé bá nílò ìtumọ̀, ẹ kọ Yorùbá àjùmọ̀lò sí ìlà kejì lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà yẹn kò ní wà níbẹ̀ títí láé ká lè padà lọ bi wọ́n.