Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kadà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ yín

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán ní Asese, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ariwo ọ̀kadà ni èèyàn yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kì í ṣe àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó nìkan ló ń gùn ún. Ìyá àgbà tó fẹ́ ra búrẹ́dì ní ìsọ̀ tí wọ́n lè pè é gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọ̀kadà ló ń dá dúró. Bàbá tó fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ ní òpópónà kejì, ọ̀kadà ni. Ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ rìn nínú wọn, àwọn ará àdúgbò á ní kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀ ni, wọ́n á máa béèrè pé ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ kì í fi nǹkan ránṣẹ́ ni.

Àṣìṣe ńlá ni èrò yìí, ó sì ń ṣe àwọn àgbà ní jàǹbá lọ́nà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà márosẹ̀ náà lọ́dún 1978, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ní Asese, Mowe, Ibafo àti káàkiri agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé. Àgbẹ̀ á jí ní ìdájí, á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, á sì fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn kó tó débi iṣẹ́. Á bẹ̀rẹ̀, á nàró, á kọ ebè, á gé igi. Nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀gẹ́ á wà lórí ìyàwó, igi ìdáná á wà léjìká ọkọ. Kò sẹ́ni tó pe èyí ní eré ìdárayá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí eré ìdárayá ń ṣe lára náà ló ń ṣe. Nígbà tí èrò Èkó kún dé ibẹ̀, wọ́n gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n tà á, ilé sì hù níbi tí ebè wà. Owó wọlé lóòótọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò rò ni pé ọjọ́ tí wọ́n ta ilẹ̀ ni wọ́n ti ta ìrìn oko mọ́ ọn. Oúnjẹ oko nìkan ni wọn kò tà. Òkèlè ẹ̀bà kò dín, iyán kò kéré sí i, ṣùgbọ́n ara tó yẹ kó lo oúnjẹ náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀ dalẹ́, nídìí ayò tàbí níwájú tẹlifíṣàn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àrùn rọpárọsẹ̀ máa ń dé. Bí wọ́n bá sì dé, àwọn ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kiri. Ì bá dára kí wọ́n kọ́kọ́ wo àga tí bàbá ti jókòó lé láti ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, wà lára ibi tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Ìbàdàn àti Amẹ́ríkà ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bíi 10,000, ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, àwọn erékùṣù Kàríbíánì àti Amẹ́ríkà. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1997. Nínú 100 èèyàn, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, 26 ní Kàríbíánì, 33 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ìran kan náà sì ni gbogbo wọn. Ohun tó yàtọ̀ ni ìgbé ayé wọn: bí ara ṣe sanra tó, iyọ̀ tó ń wọnú ọbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń lo ara wọn sí. Àwọn ará oko tó ń fi ọkọ́ ṣiṣẹ́ ni tiwọn kéré jù. Ọ̀nà tí Asese àti àwọn ìlú bíi tirẹ̀ wá dojú kọ báyìí, ọ̀nà Amẹ́ríkà ni, láìsí owó Amẹ́ríkà àti láìsí ọsibítù Amẹ́ríkà.

Ní ìlú London, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ló wò. Dẹ́rẹ́bà jókòó sójú kan. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, látàárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́, kó lè gba owó lọ́wọ́ èrò. Inú bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n jọ wà. Síbẹ̀, nínú àbájáde tó gbé jáde lọ́dún 1953, àrùn ọkàn ń mú àwọn dẹ́rẹ́bà ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Morris fúnra rẹ̀ kò fi ara lílò ṣeré. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú lọ́dún 2009.

Àwọn kan á ní àgbà tó ti fi ogójì ọdún roko ti ṣe tirẹ̀, kó jókòó kó máa jẹun ọmọ. Ìfẹ́ ló ń mú kí àwọn ọmọ sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ra àga onítìmùtìmù, wọ́n á gba ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa pọn omi, wọ́n á ní kí màmá má fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n iṣan tí kò bá ṣiṣẹ́ ń joro ni, oríkèé tí kò bá yí ń gan ni. Màmá tí wọn kò jẹ́ kó gbálẹ̀ lónìí, tó bá yá, àwọn kan náà ni yóò máa gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ orí kò sì ní kí èèyàn máà bẹ̀rẹ̀. Ní Boston, l'Amẹ́ríkà, wọ́n mú àwọn arúgbó 10 ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ẹni ọdún 86 sí 96, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1990, agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ṣe é parí ti ju ìlọ́po méjì lọ, àwọn 2 nínú wọn sì ti pa ọ̀pá ìtilẹ̀ tì. Nítòsí ilé, ta ni kò mọ̀ pé ààrẹ àná, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu l'Ábẹ́òkúta, kò fi eré squash sílẹ̀ lẹ́yìn tó lé ní ọgọ́rin ọdún? Èèyàn lè bá Ẹ̀gbọ́n náà jiyàn lórí òṣèlú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lórí ọ̀rọ̀ ara lílò, ó ṣòro láti bá a jiyàn.

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹni àádọ́rin ọdún lọ máa gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń dí títì àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà tí wọn kò ṣe nǹkan kan, tí wọ́n á sì wá jókòó ti ọtí bíà àti ẹran ewúrẹ́ títí di ọ̀sán. Eré ìdárayá kọ́ nìyẹn, àríyá ni, ó sì léwu fún ọkàn tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìrìn ni ìpìlẹ̀. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Bí ẹ bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló jẹ́ lóòjọ́. Ẹ sì lè rin ìdajì láàárọ̀, kí ẹ rin ìdajì nírọ̀lẹ́. Kí ìrìn náà yá díẹ̀. Ẹ ó mọ̀ pé ó tó bí ẹ bá lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀, àmọ́ tí ẹ kò lè kọrin. Bí orin bá ṣì ń jáde dáadáa, ẹ ń ṣe fàájì ni. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì jáde lẹ́nu mọ́, ẹ rọra. Ẹni tó ti pẹ́ tó ti rìn kẹ́yìn, kó fi ìṣẹ́jú 5 bẹ̀rẹ̀, kó máa fi ìṣẹ́jú méjì-méjì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí èèyàn ti ní ohun tó fẹ́ ṣe ni ìrìn ti ń dùn: mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ìsọ̀ alátá, ilé àna. Owó ọ̀kadà tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n fi ra ẹ̀fọ́.

Ìrìn nìkan kò tó, nítorí kì í fún ọwọ́ àti itan lágbára tó bó ṣe yẹ. Ẹ wá àga tó dúró re, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ lé àyà, ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, kí ẹ sì rọra padà jókòó. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀, kó máa fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde ná. Agbára tó ń gbé èèyàn dìde lórí àga yìí náà ló ń gbé e dìde nílé ìyàgbẹ́, àwọn àgbà sì mọ ìtìjú tó wà níbẹ̀ bó bá di pé ọmọ ni yóò wá gbé wọn. Fún ọwọ́ àti àyà, ẹ dojú kọ ògiri, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ẹ jẹ́ kí àyà súnmọ́ ògiri, kí ẹ sì ti ara yín padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò pọ̀ jù.

Àwọn tó ti lé ní ọdún 65 nílò ohun kan sí i, òun ni kí ara mọ bí a ti í dúró láìta gọ́ọ́-gọ̀ọ̀-gọ́. Ìṣubú inú ilé ló ń dá ọ̀pọ̀ àgbà dùbúlẹ̀, nítorí eegun ìbàdí tó bá kán ní ọjọ́ orí yẹn kì í tètè jiná. Bí ẹ bá ń run orín láàárọ̀, ẹ di ẹnu ilẹ̀kùn mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá, kí ẹ wá pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ìka kan ṣoṣo ni ẹ ó máa fi kan ilẹ̀kùn.

Àwọn tó ṣì ń fi ọkọ́ roko lágbègbè yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ìrìn. Ẹ̀yìn ni tiwọn. Kí wọ́n máa nàró lẹ́yìn ebè díẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, kí wọ́n rọra tẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n sì máa tẹ orúnkún bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹrù nílẹ̀ dípò kí wọ́n tẹ ẹ̀yìn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni télọ̀, ìyá tó ń yan gàrí, àti oníṣọ́ọ̀bù tí kì í dìde àfi bí oníbàárà bá dé. Kí wọ́n máa dìde ní wákàtí-wákàtí, kí wọ́n rìn yí ìsọ̀ náà ká.

Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kó má sì torí pé ó ń rìn kó pa oògùn tí dókítà fún un tì. Alátọ̀gbẹ tó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ rìn lébi, kó sì máa fi súìtì tàbí ṣúgà sápò, bóyá òòyì lè kọ́ ọ lójú ọ̀nà. Bí àyà bá fún yín, bí èémí bá há, bí ara bá ṣàdédé rẹ̀ yín wọ̀ọ̀, ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì pe èèyàn. Orúnkún tó ń dùn díẹ̀ kò ní kí èèyàn máà rìn, ó tiẹ̀ lè sàn sí i bí iṣan itan bá lágbára. Orúnkún tó wú tó sì gbóná, ó di ọwọ́ dókítà. Ẹ wọ bàtà tó di gìgísẹ̀ mú. Sílípáàsì tó ti jẹ tán lábẹ́ ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú.

Ibi tí wọ́n ti ń rìn náà ṣe pàtàkì. Etí ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe ibi ìdárayá, bó ti wù kó tẹ́jú tó. Fauja Singh, ọmọ Íńdíà tó di ará Bìrìtìkó, lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ eré sísá ọlọ́nà jíjìn. Lọ́dún 2011, tó pé 100 ọdún, ó sá máratọ́ọ̀nù parí ní Toronto, ní Kánádà. Ọdún kò pa á, àìsàn kò pa á; ọkọ̀ ló gbá a lójú títì nítòsí abúlé rẹ̀ ní Íńdíà ní oṣù Keje ọdún 2025. Inú àdúgbò ni kí àwọn àgbà Asese ti máa rìn, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, kí wọ́n wọ aṣọ tó funfun tàbí tó ń tàn, kí wọ́n sì kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n lè tètè yà fún un.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn baálẹ̀, àwọn ìdílé tó ni ilẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Bí wọ́n bá ń gé ilẹ̀, wọn kì í gbàgbé àyè ṣọ́ọ̀bù. Àyè tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò gbà kọjá láìsí pé ọ̀kadà tì í sí gọ́tà, àti pápá tí àgbà lè yí po lẹ́ẹ̀mẹ́rin nírọ̀lẹ́, wọ́n ń gbàgbé ìyẹn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti tà kò ṣe é gbà padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, pápá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba máa ń ṣófo nírọ̀lẹ́. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù, kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa ṣí géètì láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí yóò sì tì í láago mẹ́fà ààbọ̀.