Kí ohùn béèsì yín lè ki, ẹ má tíì ra octave

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta gìtá béèsì, tí ẹnì kan bá ti ní ohùn béèsì òun tẹ́ẹ́rẹ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún un ni pé kó lọ ra octave pedal. Èmi ò fara mọ́ ọn. Lójú tèmi, overdrive ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó yín.

Ẹ wo okùn tó nípọn jù lórí béèsì olókùn mẹ́rin, ìyẹn E. Tẹ́ ẹ bá ta á láìtẹ ibì kankan, ó máa ń gbọ̀n bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 41 Hz. Àmọ́ 41 nìkan kọ́ ló ń jáde o. 82 wà níbẹ̀, 123 wà níbẹ̀, 165 náà ò gbẹ́yìn. Àwọn yẹn là ń pè ní harmonics.

Iṣẹ́ octave ni pé kó pín iye yẹn sí méjì. 41 á wá di nǹkan bíi 20 Hz, ibẹ̀ gan-an ni agbára etí èèyàn sì ti ń parí. Ọ̀pọ̀ sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti òde àríyá ò tiẹ̀ lè gbé 41 jáde dáadáa, ká má tíì sọ 20. Áńpù á kàn máa ṣe làálàá lásán ni.

Overdrive yàtọ̀. Ó máa ń tẹ orí ìgbì ohùn náà pẹrẹsẹ, ìyẹn ló ń bí harmonics tuntun. Tí etí bá sì ti gbọ́ 82, 123 àti 165 pa pọ̀, ọpọlọ fúnra rẹ̀ á fi 41 kún un, bí sípíkà ò tiẹ̀ gbé e jáde. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ ìlà béèsì nínú orin lórí fóònù, bí sípíkà rẹ̀ ṣe kéré tó yẹn.

Ìṣòro kan wà: ọ̀pọ̀ overdrive tí wọ́n ṣe fún gìtá lásán máa ń gé ìsàlẹ̀ ohùn dànù. Ẹ wá èyí tó ní bọ́tìnnì blend, tó ń po ohùn gidi mọ́ èyí tó ti dàrú. SansAmp Bass Driver DI ní in, Darkglass B3K náà ní in.

Compressor ló tẹ̀ lé e. Ó ń rẹ ohùn tó bá pariwo jù sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ariwo iná 50 Hz tó bá gba inú wáyà burúkú wọlé náà á gòkè. Ẹ tún wáyà ṣe ná. Ní ti chorus, ó máa ń fẹ ohùn lójú, àmọ́ ó lè mú kí ìsàlẹ̀ máa mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀.

Mi ò sọ pé octave ò wúlò o. Lórí okùn G, ní fret 12, 196 Hz á di 98: ó ki bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí! Ẹ ṣáà fi í síwájú overdrive, torí ohùn kan ṣoṣo tó mọ́ ló máa ń fẹ́ kà.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ fi fóònù gba ohùn béèsì yín sílẹ̀ níbi tí gbogbo báńdì ti ń ṣeré, kẹ́ ẹ sì fi sípíkà fóònù yẹn gbọ́ ọ. Tí béèsì bá pòórá, harmonics ló ń wá. Okùn tuntun gan-an lè tó o, ó sì dínwó ju pedal lọ.