Asọ̀rọ̀gbèsì Tí Kò Gbọ́ Èdè Onílé

Nígbà tí àwọn òyìnbó gbé rédíò olókùn dé Èkó ní ọdún 1935, tí irú rẹ̀ sì dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí kan ni wọ́n gbé kọ́ ògiri ilé àwọn tí ó lágbára láti san owó rẹ̀. Orúkọ tí àwọn baba wa fún rédíò ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Òótọ́ pọ́ńbélé wà nínú orúkọ náà, nítorí àpótí yìí a máa rojọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò ní dá ọ lóhùn. Síbẹ̀, onílé ní àṣẹ kan lórí rẹ̀. Ó lè fi ọwọ́ yí i kí ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì lè yí i padà kí ó rọlẹ̀. Ìyá àgbà tí kò mọ lẹ́tà kan nínú ìwé mọ bí a ti ń ṣe é.

Lónìí, asọ̀rọ̀gbèsì ti dé. Ilé iṣẹ́ Amazon gbé Echo jáde ní ọdún 2014, Alexa sì ni ohùn tí ń dáhùn láti inú rẹ̀. Google tẹ̀ lé e ní 2016, Apple sì gbé tirẹ̀ dé ní 2018. Ní Ìlọrin níbí, inú àpò ẹrù àwọn ọmọ wa tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà dé ni a ti sábà máa ń rí i. Ẹ̀bùn tí ó dára ni. Wọn a gbé e sí orí tábìlì ní pálọ̀, wọn a so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, a ó sì máa gbọ́ orin àti ìròyìn láti inú rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá pọ̀ jù, kò sí ohun tí a ń yí. Orúkọ rẹ̀ ni a ó pè, a ó wá dárúkọ iye tí a fẹ́, láti oókan títí dé ẹ̀wá, yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀. A tilẹ̀ lè sọ fún un pé kí ó gbé e sókè díẹ̀ láìdárúkọ iye kankan.

Ṣùgbọ́n èdè wo ni a ó fi sọ ọ́? Alexa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ èdè Jámánì àti ti Japan àti Híńdì. Láti òpin ọdún 2021 ni ó ti ń gbọ́ Lárúbáwá pẹ̀lú. Kò gbọ́ Yorùbá. Siri kò gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni Google Assistant kì í gba àṣẹ ní èdè wa. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ní ìlú tiwa yìí. Ẹni tí Lárúbáwá yọ̀ mọ́ lẹ́nu lè pàṣẹ fún àpótí náà kí ó sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sọ èdè àwọn tí ìtàn wí pé wọ́n pọ́n irin wọn lórí òkúta Ìdí-Àpẹ̀, tí a fi ń pe ìlú ní Ìlọrin, kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀. N kò bá Lárúbáwá jà o. Àyè tiwa ni mo ń wá.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni ipò tí ó sọ àwọn àgbà sí. Ìyá tí ó kọ́ ilé, tí àwọn ọmọ ra ẹ̀bùn yìí fún, ni yóò máa pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje pé, “Bá mi sọ fún un kí ó rọra.” Ọmọ náà yóò sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àpótí yóò sì gbọ́. Ìyá ti di ẹni tí ó nílò ògbifọ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá gbìyànjú, tí ó pe “fọ́líùmù” bí ahọ́n Yorùbá ti ń pè é, ó lè jẹ́ pé àpótí náà yóò ní òun kò gbọ́. Ọmọdé tí ó ń wò wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan láìsí olùkọ́. Ẹ̀kọ́ náà ni pé èdè kan wà tí nǹkan ń gbọ́, òmíràn sì wà tí a kàn fi ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀.

Àwọn kan á ní bọ́tìnnì wà lórí àpótí náà, kí ìyá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni, bọ́tìnnì wà. Ṣùgbọ́n afọ́jú ńkọ́? Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ńkọ́? Àwọn gan-an ni irú ẹ̀rọ báyìí wúlò fún jùlọ. Ẹni tí ó bá sì mọ agboolé Pàkátà tàbí ti Òkè-Súnà, níbi tí ògiri ilé kan ti fara ti ti èkejì, mọ̀ pé dídín ohùn kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ibẹ̀ ni àlàáfíà àárín aládùúgbò wà.

Àwọn onímọ̀ mìíràn a máa wí pé àmì ohùn ni ó sọ Yorùbá di èdè tí ó le fún ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín igba tí a fi ń ka nǹkan, igbá tí a fi ń bu omi, àti ìgbà tí ń lọ. (Bí ó bá gbọ́ igba níbi tí a ti wí pé ìgbà, ariwo náà yóò pọ̀ o, nítorí ẹ̀wá péré ni òun fúnra rẹ̀ mọ̀.) Èdè Ṣáínà náà ní àmì ohùn, síbẹ̀ láti ọdún 2017 ni Alibaba ti ń ta Tmall Genie, àpótí irú èyí tí ń gba àṣẹ ní èdè náà. Bí ohùn kò bá dí ti Ṣáínà lọ́wọ́, kí ló dé tí yóò fi dí tiwa?

Kí á tó dé Ṣáínà pàápàá, ẹ wo onílù dùndún. Ọwọ́ kan ni ó fi ń fún ọsán tí ó so awọ ojú ìlù méjèèjì pọ̀. Bí ó bá fún un mọ́ra, ohùn ìlù a lọ sókè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, a wálẹ̀. Ọwọ́ kejì ni ó fi di kọ̀ǹgọ́ mú, ọwọ́ yìí ni ó sì ń pinnu bóyá ìlù yóò dún kíkankíkan tàbí yóò dún jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọwọ́ méjèèjì ń ṣe. Onílù lè rọra fi ìlù sọ ọ̀rọ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ etí ọlọ́lá, kí ó sì tún fi sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní Ọjà Ọba tí gbogbo ọjà yóò gbọ́. Ohùn òkè yóò ṣì jẹ́ ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì wà ní ipò rẹ̀. Àwọn ọmọ Àyàn ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni kí ohùn ga, ọ̀tọ̀ ni kí ó pọ̀. Igi, awọ àti ọsán ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó bá wá sọ fún mi pé ohun tí igi àti awọ lè ṣe, kọ̀ǹpútà kò lè ṣe é, owó ni kò fẹ́ ná.

Ẹ̀rí sì wà pé owó àti ìfẹ́ ni ó kù. Ní ọdún 2019 ni Google gbé ohùn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà jáde. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ náà àti Kọ́lá Túbọ̀sún tẹ àkójọ ohùn Yorùbá síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ. Ní 2024, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí a lè fi ẹnu sọ kí fóònù kọ ọ́ sílẹ̀. Fóònù tí ó lè kọ “dín ohùn rẹ kù” sílẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ìgbésẹ̀ tí ó kù ni kí ó ṣe é.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan láàárín wa ń fi ẹ̀rọ yìí wé ọfọ̀, pé àwọn baba wa náà sọ̀rọ̀, nǹkan sì gbọ́. Àfiwé náà dùn létí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ń pe ọfọ̀ mọ orúkọ àti ìtàn ohun tí ó ń bá wí, ó sì mọ ìdí tí kò fi lè kọ̀. Alexa, orúkọ tí oníṣòwò fún un ni. Bí o bá sì fẹ́ yí i padà, inú orúkọ mélòó kan tí oníṣòwò náà ti kọ sílẹ̀ ni wàá ti mú. O kò lè sọ ọ́ ní Àyàntádé.

Ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ mi fún àwọn onísìn ìbílẹ̀ wà. Àpótí yìí ń tẹ́tí nígbà gbogbo, kí ó lè gbọ́ nígbà tí a bá pe orúkọ rẹ̀, ohun tí a bá sì sọ tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn ni ó ń lọ. Ní 2023, Amazon gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé ó pa ohùn àwọn ọmọdé mọ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, ó mú àyè tí àwọn kan ní kúrò láti dá ohùn wọn dúró sínú ilé. Ẹyin lohùn. Ẹ má gbé e sí ojúbọ, ẹ má sì kọ́ ọ ní ohun tí a kì í sọ lójú ọ̀gbẹ̀rì.

Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kì í ṣe awo, òun sì ni ẹ̀rọ nílò. Ètò Common Voice ti Mozilla ń gba ohùn ní Yorùbá. Ẹnikẹ́ni lè ka gbólóhùn kúkúrú sí i, àwọn ẹlòmíràn a tẹ́tí sí i láti mọ̀ bóyá ó pé, wọ́n sì ń fi àkójọ náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ Èkó nìkan ni ó kà á, ohùn ọ̀dọ́ Èkó ni ẹ̀rọ yóò mọ̀, ìyá Pàkátà yóò sì tún padà sí ìdí ògbifọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní Ìlọrin, ẹ gbé fóònù yín lọ bá àwọn àgbà ní ọ̀sán Sátidé kan. Àyè wà láti fi gbólóhùn tiwa kún èyí tí ó wà níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kà ni: “Jọ̀wọ́, dín ohùn rẹ kù, àlejò ti dé.”