Ọ̀lẹ Kọ́ Ni Wá, Agbo Ló Tú

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ta ni nínú wa tí kò ní fídíò ijó ìdárayá kan lórí fóònù rẹ̀ báyìí? Èyí tí wọ́n kọ "Ọgbọ̀n ọjọ́ péré, ikùn á wọlé" sí lórí. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ la gbà á sílẹ̀. A ra bàtà tuntun, a sún tábìlì mọ́ ògiri, a kéde fáyé gbọ́. Ọjọ́ kìíní, a jó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ọjọ́ kẹta, itan ń ro wá. Ọjọ́ kẹsàn-án, NEPA mú iná lọ. Ọjọ́ kẹwàá, iná wà, àwa la ò sí níbẹ̀. Kí oṣù Èrèlé tó parí, tábìlì ti padà sí àárín yàrá, a sì ti fún ara wa lórúkọ: ọ̀lẹ.

Orúkọ yẹn la fẹ́ bá jà lónìí.

Àwa mẹ́rin là ń kọ èyí. Mẹ́ta nínú wa ń gbé Ìbàdàn, ẹnìkẹrin ti jápa lọ sí Manchester. Ẹ̀ẹ̀méje la ti bẹ̀rẹ̀ ijó ìdárayá nínú ilé tí a sì fi í sílẹ̀. Ìgbà kẹjọ ló dúró, ó sì ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí. Kì í ṣe pé a ṣàdédé di akíkanjú o. Ohun tó ń pa á la mọ̀.

Ìyá ọ̀kan nínú wa ló là wá lójú. Dókítà sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, pé kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n sì máa lo ara wọn dáadáa. Àwa ọmọ ayé òde òní, a sáré lọ wá fídíò fún màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, eré ìdárayá kì í ṣe ti irú èmi." A wo ara wa lójú, a ní àgbà ti ń ṣọ̀lẹ. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn náà, a bá wọn lọ síbi ìgbéyàwó kan. Màmá wé gèlè, wọ́n wọ bàtà gíga. Onílù rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ó ki oríkì bàbá wọn, màmá bá dìde. Ọ̀kan nínú wa wo aago. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jó kí wọ́n tó jókòó mumi, lẹ́yìn náà wọ́n tún dìde. Ọ̀lẹ dà?

Ẹni kan náà ni, ẹsẹ̀ kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lóde àríyá, ẹnìkan pe orúkọ wọn, èèyàn yí wọn ká, ìlù ń dá wọn lóhùn, ọjọ́ sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kó tó dé. Nínú yàrá, obìnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí ló ń pariwo mọ́ wọn láti inú fóònù pé kí wọ́n ṣe mẹ́jọ sí i.

Ọ̀rọ̀ wa ò jù báyìí lọ: kóríyá tí èèyàn máa fi jó nínú ilé fún ọdún púpọ̀ kì í gbé inú ẹnìkan ṣoṣo. Inú agbo ló ń gbé. Ẹni tó bá tú agbo ká, tó wá ń bú ẹsẹ̀ pé kò jó mọ́, ẹsẹ̀ kọ́ ló jẹ̀bi.

Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ń jèrè lórí bí a ṣe ń bú ẹsẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí irọ́ ọjọ́ 21. Ẹ ti gbọ́ ọ: ohunkóhun tí o bá ṣe fún ọjọ́ 21 á mọ́ ẹ lára. Ibo ni wọ́n ti rí i? Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, Maxwell Maltz, tó máa ń tún ojú èèyàn ṣe, kọ ìwé kan ní ọdún 1960. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé ó kéré tán, nǹkan bí ọjọ́ 21 ni ojú tuntun máa ń gbà kó tó mọ́ ẹni tó ni ín lára. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn láti ẹnu dé ẹnu ni "ó kéré tán" jábọ́ lójú ọ̀nà. Ojú tí wọ́n fi abẹ ṣe wá di ijó, ó di ìwé kíkà, ó di gbogbo nǹkan.

Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London wá fara balẹ̀ wò ó, wọ́n mú èèyàn 96, wọ́n ní kí kálukú yan ohun kan tí á máa ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìṣirò wọn fi hàn pé ẹni tó yá jù á gba ọjọ́ 18, ẹni tó pẹ́ jù á gba ọjọ́ 254. Ẹni tó wà láàárín gbùngbùn gba ọjọ́ 66. Eré ìdárayá sì pẹ́ ju omi mímu lọ kó tó mọ́ni lára. Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni pé ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ, kò bà á jẹ́ fún un. Ẹ tún un kà: ọjọ́ kan tí o kò jó kò ba nǹkankan jẹ́.

Ẹ wá ronú sí i. Ẹni tó dákẹ́ lọ́jọ́ kejìlélógún nítorí pé ijó ò tíì mọ́ ọn lára, tó ń sunkún pé òun ò lè ṣe nǹkankan yanjú láyé òun, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà rárá. Ta ló wá ń jèrè irọ́ náà? Ẹni tó ń ta ètò ọjọ́ 21 ni. Tí o bá kùnà, ara rẹ lo máa bú. Lóṣù tó ń bọ̀, wàá tún rà á.

Èkejì ni àwọn tó sọ ijó di owó ìtanràn. O jẹ ìrẹsì lóde àríyá? Ó yá, wá jó o kúrò lára. O jẹ dòdò? Ogún ìṣẹ́jú sí i. Ẹ̀yin èèyàn wa, ta ló máa ń fi ayọ̀ san owó ìtanràn fún ọdún mẹ́ta? Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe adájọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, òṣùwọ̀n á rẹ́rìn-ín sí ẹ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó lè dúró gbagidi, ìwọ náà á dúró. Bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ ń lágbára sí i, oorun rẹ dára sí i, àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ tó máa ń jẹ́ kó o mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀ ò mú ẹ mọ́. Òṣùwọ̀n ò mọ ìyẹn. Àwa ti gbé tiwa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eruku ló ń wọ̀n báyìí.

Wọ́n á tún ní tí o kò bá làágùn bí ẹni tó ṣubú sódò, o kò ṣe nǹkankan. Irọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lo ara níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n sì yọ òfin àtijọ́ kúrò, èyí tó ní ó kéré jù, ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kó tó wọ ìṣirò. Orin kan ṣoṣo bí o ṣe ń se ọbẹ̀ wà nínú ìṣirò. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé o wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì? Tí o bá ń jó, tí o lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, o ti débẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: ìdánìkanwà. Ijó ìdárayá tí wọ́n ń tà fún wa yìí, inú agbo ni òun náà ti wá. Ní ọdún 1969, Judi Sheppard Missett ń kọ́ àwọn obìnrin ní ijó jáàsì nítòsí Chicago, wọ́n sì ń sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí wọn kúrò níwájú dígí, ó dín kíkọ́ kù, ó fi ìgbádùn kún un, wọ́n dúró. Ibẹ̀ ni Jazzercise ti bẹ̀rẹ̀. Beto Pérez, ará Cali ní Kòlóḿbíà, gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ sílé lọ́jọ́ kan. Orin salsa àti merengue tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lò fún àwọn tó wá, ibẹ̀ ni Zumba ti gbérí. Nígbà tí Jane Fonda gbé fídíò tirẹ̀ jáde ní 1982, ìdárayá wọlé, ó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. A ò bú fídíò o. Ó gba ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ là, ó gba ẹni tí kò lówó jíìmù là. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ijó nìkan ni fídíò gbé wọlé, kò gbé èèyàn wọlé.

Nílẹ̀ tiwa, ẹ wo oníjó bàtá. Ìyáàlù á sọ̀rọ̀, oníjó á fi èjìká àti ẹsẹ̀ dáhùn. Tí oníjó bá dá àrà, onílù náà á yí ohùn padà. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Fídíò ò lè dá ẹ lóhùn. Bí o jó o, bí o kò jó o, ẹ̀rín kan náà ló máa rín. Ta ló lè bá ògiri sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta kó má sú u?

Nítorí náà, ohun tí àwa ṣe nìyí. A yan ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, aago méje alẹ́ wa, tó jẹ́ aago mẹ́fà ní Manchester nígbà òtútù. A máa ń pe ara wa lórí WhatsApp. Tí dátà ò bá tó, ohùn nìkan náà ti tó. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ni onílù: òun ló máa yan orin, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ráhùn. Ọ̀kan máa ń gbé Àyìnlá Ọmọwúrà wá, torí àpàlà dára láti fi mú ara gbóná díẹ̀díẹ̀. Òmíràn fẹ́ràn fújì Barrister, ibẹ̀ la ti máa ń làágùn. Ọmọ Manchester wa ò mọ̀ ju amapiano lọ. Àwo jùjú ayé àtijọ́ wúlò gan-an: ẹ̀gbẹ́ kan lè tó ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìdánudúró, o ò ní máa fọwọ́ kan fóònù. Ẹ̀gbẹ́ méjì, alẹ́ ọjọ́ kan ti parí, ẹsẹ̀ rírìn á dí èyí tó kù.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, onílù á pe orúkọ kálukú. Ó dà bí eré ọmọdé, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá lè jó lọ́jọ́ náà á wá jókòó, á pàtẹ́wọ́. A kì í ka ọjọ́ tí ẹnìkan pa jẹ. Tí iná bá lọ, rédíò oníbátìrì wà. Ará ìsàlẹ̀ wa bínú lákọ̀ọ́kọ́, pé òrùlé fẹ́ wó lé òun lórí. A bẹ̀ wọ́n, a fi fífò sílẹ̀, a gbé ijó sí ìbàdí àti èjìká. Ọmọ wọn méjì ló ń kan ilẹ̀kùn wa lọ́jọ́ Ẹtì báyìí.

Ṣé a ò ṣubú rí? A ṣubú. Nígbà òtútù ọdún kejì, ọmọ Manchester wa dákẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni, òkùnkùn ni, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì ju bó ṣe ń sọ fún wa lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, a ò rí i. Ká ní òun nìkan ló ń jó ni, ibẹ̀ ni ìbá parí sí, á tún pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ, á fi kún ohun tó ń pa á lára tẹ́lẹ̀. A ò bi í pé kí ló dé tí kò jó. Ohun tí a sọ ni pé, "Ìwọ lonílù lọ́sẹ̀ yìí o." Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dìde.

Ẹnìkan á ní, "Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò mí." A gbọ́ yín. Obìnrin tí wọ́n ti pè ní òròbó lójú títì látàárọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ tì í. Agbo tí à ń wí kì í ṣe òǹwòran. Ohùn ẹnìkan ṣoṣo tó ń jó níbi tirẹ̀, tó máa mọ̀ tí o kò bá wá, ti di agbo. Ẹlòmíràn á ní ìkóra-ẹni-níjàánu ló yẹ kéèyàn ní. Ó dáa, ẹni tó bá ní i, kó máa lò ó. Àmọ́ kó má fi bú ẹni tí wọ́n dá fi sílẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú fóònù.

Màmá ń bá wa jó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì báyìí. Oògùn wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń lò ó bí dókítà ṣe wí. Tí aládùúgbò bá yìn wọ́n pé wọ́n ń ṣe eré ìdárayá, wọ́n á ní, "Èmi kẹ̀? Ijó ni mò ń jó."

Ẹ gbé fídíò ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn tì. Ẹ pe ẹnìkan lálẹ́ òní. Ẹ jọ mú ọjọ́, ẹ mú aago, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tó máa ṣe onílù.